Mo Gbé Agbádá Bàbá Mi Lọ sí Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará wa ní Àbíjàn, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé òrùlé Ìbàdàn kò lópin. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Ìbàdàn á kọ́kọ́ bú èèyàn kó tó kí i. Màá dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí, nítorí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Aṣọ ni. Aṣọ ọkùnrin.

Èmi tí mo dàgbà láàárín àwọn Díúlà, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò Àbíjàn, tí mo ti rí aṣọ ńláńlá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, mo rò pé kò sí aṣọ tó tún lè ya ẹnu mi sílẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Challenge

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Challenge, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Mo gbé báàgì mi lé èjìká, mo fẹ́ wá takisí, bí mo ṣe rí i tí agbádá tú jáde láti mọ́sálásí nìyẹn. Funfun, búlúù, àwọ̀ kọfí, àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn, wọ́n ń wú, wọ́n ń rọlẹ̀. Mo dúró gbagidi. Mo rò pé ọba kan ló ń kọjá, pé àwọn ìjòyè rẹ̀ ló tò tẹ̀lé e. Kò sí ọba kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ni, àti tíṣà, àti awakọ̀ tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá kan fẹ́ sọdá títì. Kò sáré, kò sì wo apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ó ká apá agbádá ọ̀tún lé èjìká, ó ká ti òsì lé e, ó wá gbé ẹsẹ̀. Àwọn ọkọ̀ dúró. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọn ì bá ti gbé e lọ. Ẹlòmíràn wọ takisí: ara rẹ̀ ti wọlé, ó ti jókòó, aṣọ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ ṣe sùúrù títí ó fi kó aṣọ náà wọlé tán kó tó ti ilẹ̀kùn, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kan.

Nígbà tí èmi náà rí takisí, ohùn mi tú mi fó.

"Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" ni awakọ̀ náà wí.

"Àbíjàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti mọ̀. Àgànyìn ni yín."

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí o."

Ó wò mí nínú dígí. "Ó dáa. Agbo ilé wo?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Anago ni wọ́n ń pè wá níbí, wọn kì í jẹ́ ká gbàgbé pé àlejò ni wá. Mo wá rìn láti Àbíjàn dé ìlú bàbá mi kí n tó di Àgànyìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ẹ mọ bàbá mi, Sàlámì, tí wọ́n ń ta àwo ní ọjà Àjàmé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọ́n kúrò ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọn kò padà mọ́. Bí àwa ọmọ bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀," wọ́n á sì tan rédíò. Lórí àìsàn tó gbé wọn lọ ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n kan, Àlàájì Gàníyù, pé kí n lọ fi ara mi hàn án. Wọ́n ní òun nìkan ló kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí bàbá yìí bá wò mí tó ní òun ò mọ̀ mí, kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ fún mi ilé tí mo ti wá. Ohun tí mo gbé dání lọ nìyẹn, ó sì wúwo ju báàgì lọ.

Nínú báàgì náà ni agbádá bàbá mi wà. Ẹtù ni, aṣọ òfì aláró tó dúdú bí ọ̀run ìdájí, tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ là á kọjá. Òun nìkan ni aṣọ tí wọ́n gbé kúrò nílé, wọn kì í wọ̀ ọ́ àfi lọ́jọ́ ọdún. Mo ti pinnu pé ẹ̀gbọ́n wọn ni màá gbé e fún. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí: bí bàbá bá kú, aṣọ rẹ̀ tó dára jù, àgbà ni à ń gbé e fún, kó lè máa fi kírun, kó sì máa ṣàdúrà fún òkú. Mo rò pé kò sí ọlá tó ju ìyẹn lọ.

Agbowó

Ìyá Rísì, tó máa ń kó ọjà láti Ìbàdàn wá bá wa, ló bá mi wá Síkírátù rí. Àbígbẹ̀yìn Àlàájì Gàníyù ni, tíṣà ni, ó ń gbé ní Agbowó, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fún mọ́ra tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń sín, aládùúgbò á ní "Àlàáfíà o." Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí Síkírá ni mo ń pè é. Òun ní tirẹ̀ sọ mí ní Mùsíọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọkùnrin, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tí gbogbo àgbàlá fi ń kí mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀, ṣé wọ́n wà ńbẹ̀, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn tí kò rí mi rí ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n sọ Faransé kí àwọn gbọ́. Mo sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìyẹn ni pé òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́: ọmọ Ìbàdàn ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ti bu oúnjẹ fún ọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n gbé wá, ti ewé, tó ń yọ èéfín, pẹ̀lú ẹ̀là ẹja nínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tún ra ṣúyà wá láti Mọ́kọ́lá, ata rẹ̀ mú mi sunkún ní gbangba. Mo ní ṣé wọ́n mọ atíẹkẹ́, oúnjẹ wa tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí Síkírá dáadáa.

"Ó ti yé mi," ló wí. "Gààrí tó ń tijú ni."

Nígbà tí a jẹun tán, ojú rẹ̀ le díẹ̀. "Mùsíọ̀, má jẹ́ kí ẹ̀rín wa tàn ẹ́ o. Bàbá kì í tètè gba èèyàn. Ẹnì kan ti wá rí tó ní òun ni ọmọ Bàbá Sàlámì, irọ́ ló pa. Láti ìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá Mùráínà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ará Àbíjàn sétí. Lọ́jọ́ Àìkú gbogbo wa máa pé sọ́dọ̀ Bàbá. Ohun tí wọ́n bá ti sọ lọ́jọ́ náà, abẹ gé ọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Mo ní ẹ̀bùn kan fún wọn," ni mo wí.

"Kí ni?"

"Ẹ máa rí i."

Ó ní kí n má lọ gbé ọtí òyìnbó fún alásàlátù o. Mo rẹ́rìn-ín, mo ti báàgì mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òkè-Àdó

Òwú ọrùn agbádá náà ti tú díẹ̀, mo sì fẹ́ kó pé kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ọlá. Wọ́n júwe tẹ́lọ̀ kan fún mi ní Òkè-Àdó, Ọ̀gá Làmídì, ọkùnrin pípọ́n kúkúrú tó gbà pé lẹ́yìn Ọlọ́run, òun ló kàn nínú ìṣẹ̀dá ọmọ ènìyàn. "Kò sí ọkùnrin tó kúrú nínú agbádá mi," ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, òun tí kò ga ju tábìlì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí màá ṣe sọ bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe rí. Agbádá kọ́ yí ògiri ká. Sányán wà níbẹ̀, tó ní àwọ̀ ara igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àlàárì wà níbẹ̀, ó pọ́n rokoso. Iṣẹ́ ọnà àyà wọn lọ́ mọ́ra, ó yí po, kò sí ibi tí mo lè tọ́ka sí pé ibí ni òwú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe é, wọn kò sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka Kùránì. Mo na ọwọ́ sí àlàárì náà, mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí lára ni. Bàbá oníbàárà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́.

"Ọmọ mi, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà o."

Mo fa ọwọ́ mi padà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá yìí kan náà ló fi ohun tí mo ń wí yìí hàn mí. Nígbà tó wọlé, arúgbó tó tẹ̀ ni, ó ń wá ibi tí yóò fara tì. Wọ́n gbé agbádá tuntun rẹ̀ wá, wọ́n bọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. Bàbá náà kò ga sí i, ṣùgbọ́n àyè tó gbà nínú ilé pọ̀ sí i. Ó na apá méjèèjì, aṣọ náà tẹ́ rẹrẹ. Ó ká a lé èjìká, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Gbogbo àwa tó jókòó bá ara wa ní ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní ká dìde. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Mo rò pé aṣọ ni láti bo ara ni, mo wá rí aṣọ tó ń sọ fún ara ohun tó yẹ kó jẹ́.

Ó kàn mí. Mo tú ẹtù bàbá mi sórí tábìlì. Ọ̀gá Làmídì, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì pa láti àárọ̀, dákẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu aṣọ náà láti ọrùn dé ìṣẹ́tí.

"Ta ló ni èyí?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n ti ṣaláìsí."

"Ọlọ́run á fi Alijánà kẹ́ wọn. Wọn kì í hun irú èyí mọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ gbó, ẹ wọ̀ ọ́ pẹ́."

Mo dúpẹ́. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni màá wọ̀ ọ́, torí pé mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn mi ti ẹnu tẹ́lọ̀ jáde. Ì bá dára ká ní mo sọ ọ́.

Bódìjà

Ilé Àlàájì Gàníyù wà ní Bódìjà, lójú ọ̀nà tó dákẹ́, tí igi ṣíji bò. Nígbà tí a dé ibẹ̀, bàtà ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá jókòó lórí àga nínú agbádá funfun, wọ́n kún inú àga náà. Mo wo ojú wọn. Ojú bàbá mi ni. Ẹ̀gbẹ́ ètè òsì tó máa ń lọ sísàlẹ̀, ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn kò ní kí n dìde.

"Wọ́n ní o ní ọmọ Sàlámì ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ọkùnrin kan tó ga, tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, sọ pé, "Èyí tó wá níjọ́sí náà sọ bẹ́ẹ̀." Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Mùráínà nìyẹn.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i. "Bí inú bá ń bí bàbá rẹ, kí ló máa ń ṣe?"

Mi ò retí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Wọn kì í sọ̀rọ̀, Bàbá. Wọ́n á kó gbogbo bàtà inú ilé jáde, wọ́n á máa fọ̀ ọ́. Àti èyí tó mọ́."

Ẹ̀rín kékeré kan sá kọjá lójú wọn. Wọ́n ní kí n dìde jókòó. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró mọ́. Mo ní àsìkò ti tó. Mo tú ìdì náà, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbádá náà lé ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá, aṣọ àbúrò yín nìyí. Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún. Ẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ máa fi ṣàdúrà fún wọn."

Ariwo tó sọ nínú pálọ̀ náà! Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Lá ìláhà! Ẹ gbé e kúrò níwájú wọn! Ẹ gbé e kúrò!" Bàbá ti fa ẹsẹ̀ wọn wọ abẹ́ àga, bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ. Wọ́n wo aṣọ náà. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Àǹtí Síkírá fa apá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mùsíọ̀, ṣé ẹ̀bùn tó o ní mo máa rí nìyí? Ẹ̀gbọ́n kì í jogún àbúrò! Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Báyìí la ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa."

"Níbí kọ́ o. Bí àgbà bá kú, aṣọ rẹ̀ á máa lọ sísàlẹ̀, sọ́dọ̀ ọmọ, sọ́dọ̀ àbúrò. Kì í gòkè. O ní kí bàbá mi máa wọ aṣọ ọmọ tí wọ́n pọ̀n lẹ́yìn. Bí ìgbà tó o bá sọ fún wọn pé ikú kọjá lára wọn, ó mú èyí tó kéré, kí wọ́n wá jẹ èrè rẹ̀."

Láti inú pálọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Mùráínà. "Mo ti wí i. Ọmọ ilé yìí kan ò lè ṣe irú èyí láéláé. Àgànyìn ni. Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ojú tì mí, ó tì mí dé egungun. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí fún mi. Mo wọlé, mo kó agbádá náà nílẹ̀, mo ń ká a kí n lè máa lọ.

Géètì

"Níbo lò ń gbé aṣọ yẹn lọ?"

Bàbá ti jáde. Ojú wọn pọ́n, fìlà wọn wà lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ gbé e kúrò lójú yín ni."

"Èmi àti Àjàní, ta ni ẹ̀gbọ́n?" Oríkì bàbá mi ni Àjàní. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Torí náà èmi ò lè wọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ni." Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Mùráínà, ìwọ ńkọ́? Aṣọ gidi ni. Ṣé kí n gbé e fún ẹ?"

"Rárá o, Bàbá," ni Bọ̀ọ̀dá Mùráínà wí kíákíá. "Èmi kọ́ ló tọ́ sí. Ọmọ wọn ló ni ín."

"Ọmọ wọn dà?"

Bọ̀ọ̀dá Mùráínà wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó na ìka sí mi.

"Òun nìyẹn," ló wí.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Gbogbo yín náà gbọ́ ọ. Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ fún un."

Mi ò wọ agbádá rí láyé mi. Bọ̀ọ̀dá Mùráínà fúnra rẹ̀ ló bọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn. Ó wúwo, ó tutù, ó ń rùn káńfọ̀. Ó dé kókósẹ̀ mi. Ó ká apá ọ̀tún rẹ̀ lé mi léjìká, ó ká ti òsì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Na ẹ̀yìn rẹ, àbúrò." Mo nà án. Ẹ̀yin ará wa, mo ti rí òkun, mo ti rí ilé gíga Àbíjàn, mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó tún tù mí nínú bí aṣọ yẹn ṣe bà lé mi lára.

Bàbá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn.

"Aṣọ yìí ló wọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ," ni wọ́n wí. "Mo ti sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ sí i. Kò fèsì. Ó fọ bàtà, ó wọ agbádá, ó jáde. Mo dúró báyìí, mo pè é. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo rí kẹ́yìn." Wọ́n na ọwọ́ sí géètì. "Rìn lọ síbẹ̀ kí n rí i. Má sáré. Agbádá kì í sáré."

Mo rìn. Mo ń gbọ́ ìró aṣọ náà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì mọ̀ pé gbogbo ilé ti jáde síta, pé wọ́n ń wò mí. Mo dé ẹnu géètì, mo dúró.

"Ó yá," ni ohùn Bàbá wí lẹ́yìn mi. "Yíjú padà. Máa bọ̀ nílé."

Mo yíjú padà. Bàbá ti na ọwọ́ méjèèjì, omi ń ṣàn lójú wọn, wọn kò nù ún.

"Káàbọ̀, Àjàní. Ó pẹ́ kí o tó dé."

Mi ò sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni Àjàní. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú agbádá náà, lórí sìmẹ́ńtì, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dé."